Pépà ti jáde, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣì: ìrírí mi lórí àtúnṣe affiliation

Affiliation, ìyẹn orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé nínú pépà ìwádìí, kì í ju ìlà kan lọ, ṣùgbọ́n ìlà yẹn ni ìgbìmọ̀ ìgbéga máa ń tẹjú mọ́. Òun ni TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, yóò wò bó bá jẹ́ owó wọn la fi ṣe iṣẹ́ náà, òun náà sì ni Times Higher Education ń rí nínú Scopus, àkójọ pépà ìwádìí káàkiri ayé, nígbà tí wọ́n bá ń to àwọn yunifásítì ayé tẹ̀lé ara wọn. Fún àwa tí à ń ṣe ìwádìí ìmọ̀ àwùjọ, ó tún ní ìdí mìíràn. Bí ẹ bá lọ jókòó ti àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú, tí ẹ ń bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń dá nínú èsúsú, ilé-ẹ̀kọ́ kan ló fọwọ́ sí i pé kí ẹ lọ bi wọ́n. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lórí ìbéèrè yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni yóò wá lọ. Tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì, ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni yóò máa kàn.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ tẹ̀lé ni pépà kan tí àwa mẹ́ta jọ kọ ní Abẹ́òkúta níbí. Méjì nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa ló jẹ́ pé "Federal" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, "Abeokuta" ló sì parí rẹ̀: ọ̀kan ní Alábàtà, èkejì ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Nínú fáìlì tí a fi ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ pé. Nínú proof, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ní ká yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ pépà jáde, ó ṣì pé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnì kan lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ń tún àdírẹ́sì tò, ó rí "Federal" lẹ́ẹ̀mejì, ó rí "Abeokuta" lẹ́ẹ̀mejì, ó kà wọ́n sí ọ̀kan náà, ó sì pa èkejì rẹ́. Nọ́ńbà kékeré tó wà lórí orúkọ ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ di 1, bí wọ́n ṣe di òṣìṣẹ́ Alábàtà lórí bébà nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n ń kó ìwé wọn jọ fún ìgbéga ni àṣírí tú.

Inú bí wọn gan-an. Inú bí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ìbínú máa ń mú ènìyàn ṣe nírú àkókò yìí ni kó máa sáré lọ síbi tí ó súnmọ́ ọn jù. Ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ wọ ORCID, ibi tí olùwádìí kọ̀ọ̀kan ti ń gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, wọ́n tún ibi iṣẹ́ wọn kọ dáadáa níbẹ̀, wọ́n sì rò pé yóò ṣàn wọ inú pépà. Kò lè ṣàn wọ̀ ọ́. ORCID ń sọ nípa ẹni náà, kì í sọ nípa ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú pépà kan pàtó. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ojúewé Google Scholar wọn ṣe; ìyẹn náà kò kan pépà rárá. Wọ́n wá kọ̀wé sí Scopus, èsì tó bọ̀ ni pé ohun tó wà nínú pépà tó jáde gan-an ni àwọn ń tẹ̀lé. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Bí kànga bá rú, kí la fẹ́ fi sísẹ́ omi inú ife ṣe? Kànga tiwa ni jọ́nà fúnra rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ tí jọ́nà fi ránṣẹ́ sí Crossref, àjọ tó ń forúkọ DOI sílẹ̀, nígbà tó ń gba DOI, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí pépà kọ̀ọ̀kan ń ní. Ibẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù ti ń pọn.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ mọ irú àṣìṣe tó jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní àṣìṣe kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta nígbà tó ń ṣe iṣẹ́, tó ti kó lọ sí Ìlọrin kí pépà tó jáde, kò ní ohun kan láti tún ṣe. Ibi tí a ti ṣe iṣẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ibi tuntun lè wọlé gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì ìsinsìnyí, bí pépà kò bá tíì jáde. Springer kọ ọ́ sínú ìlànà wọn gbangba pé àwọn kì í pààrọ̀ àdírẹ́sì lẹ́yìn tí pépà bá ti jáde, àwọn atẹ̀wé ńlá yòókù kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó yí padà náà kì í ṣe àṣìṣe. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, a mọ̀ ọ́n jù. Ogun State University tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè di Olabisi Onabanjo University ní 2001. UNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, di FUNAAB. Ogun State Polytechnic di Moshood Abiola Polytechnic. Pépà tí ẹ kọ ní 1998 tó ń jẹ́ Ogun State University, bẹ́ẹ̀ ni kó máa jẹ́ lọ; òun ni orúkọ tó tọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ rí i dájú pé orúkọ àtijọ́ wà lára orúkọ tí wọ́n fi ń mọ ilé-ẹ̀kọ́ yín nínú ROR. ROR yìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ló ń fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ibùdó ìwádìí kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́sàn-án, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo. Ojúewé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní ààyè fún orúkọ àtijọ́ àti ìkékúrú. Bí tiyín kò bá sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè pé kí wọ́n fi sí i, kò sì sí owó níbẹ̀.

Ìkékúrú gan-an ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó kọ "OSU" fún Àgọ́-Ìwòyè, kí ló fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó mọ Ohio State ṣe? Ẹni tó kọ "University of Agriculture" láìfi ìlú sí i gbàgbé pé Umudike náà ní tirẹ̀, Makurdi náà sì ti ní tirẹ̀ rí. "Federal College of Education" láìsí ìlú burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ti wà ní Zaria rí, ó ti wà ní Kano rí, ó sì wà ní Ọ̀kẹ́nẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé àṣìṣe gidi ni, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ló ṣe é. Bó bá jẹ́ àwọn atẹ̀wé ló bà á jẹ́, ìkéde tí wọ́n máa ń gbé jáde ni à ń pè ní erratum; bó bá jẹ́ òǹkọ̀wé ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ilé, corrigendum ni. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ti pa méjèèjì pọ̀ sí "Correction" báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde náà ẹni tó ni ẹ̀bi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn òǹkọ̀wé ló ṣì í bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka àkọsílẹ̀ ìkéde náà kó tó jáde, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n fi hàn yín.

Ẹ̀rí mẹ́ta ló gbà wá: fáìlì tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ímeèlì tó fi hàn pé wọ́n rí i gbà, proof tí a dá padà, àti lẹ́tà HOD (olórí ẹ̀ka) lórí bébà tó ní àkọlé ilé-ẹ̀kọ́, tó sọ pé lágbájá wà lẹ́nu iṣẹ́ níbí láti ọdún báyìí títí di ọdún báyìí. Déètì yẹn ṣe pàtàkì. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "òṣìṣẹ́ wa ni" kò ràn yín lọ́wọ́, nítorí ohun tí olóòtú fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ibi tí ẹ wà lónìí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ bo iye owó oṣù àti nọ́ńbà fáìlì yín kí ẹ tó ṣe scan rẹ̀. Bó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Pánṣẹ́kẹ́ lẹ ti fẹ́ ṣe scan, ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà wọn kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Lẹ́tà sí olóòtú kò gbọ́dọ̀ gùn. Èyí tí ẹ̀gbọ́n wa kọ́kọ́ kọ kún ojúewé méjì. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn wọ́n tó ló kún inú rẹ̀, DOI kò sí níbẹ̀. Olóòtú tó ní ọgọ́rùn-ún ímeèlì níwájú kò ní wá DOI fún yín. A tún un kọ. Àkòrí ímeèlì ní "Correction request: author affiliation" pẹ̀lú DOI lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú rẹ̀, a kọ àkọlé pépà, ìdìpọ̀, nọ́ńbà àti ojúewé. Lẹ́yìn náà ni ohun méjì tí a tò sórí ara wọn: bó ṣe wà báyìí, a dà á kọ lẹ́tà sí lẹ́tà títí kan nọ́ńbà kékeré orí orúkọ, lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe yẹ kó wà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà kò ní láti ronú, ó kàn máa dà á kọ ni. Ìlà kan sọ pé àyọrísí ìwádìí náà kò yí padà. Ìlà kan sọ pé gbogbo òǹkọ̀wé mọ̀ sí i, wọ́n sì fara mọ́ ọn.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, wọn kì í gbà á gbọ́ lásán. Òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ímeèlì tirẹ̀ sọ pé òun gbà. Ìṣòro tiwa ni pé Yahoo àti Gmail ni púpọ̀ nínú wa ń lò, jọ́nà sì máa ń fẹ́ ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́. Bí tiyín kò bá ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí HOD kọ ímeèlì náà láti orí tirẹ̀, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má bínú sí olóòtú pé ó ń fura. Affiliation ti di ọjà báyìí. Ní 2023, yunifásítì kan ní Sípéènì dá olùkọ́ rẹ̀ kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún 13 láìsí owó oṣù, nítorí pé ó ń fi orúkọ àwọn yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè sórí pépà nígbà tó jẹ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì ti Sípéènì yẹn. Olóòtú tó ti gbọ́ irú rẹ̀ yóò wo ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pààrọ̀ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú lẹ́tà kan náà, ẹ dárúkọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, nítorí bí ẹ bá kàn ní "ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa tún un ṣe", PDF nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn yóò fọwọ́ kàn. A béèrè pé kí wọ́n gbé ìkéde àtúnṣe jáde tó ní DOI tirẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ pépà náà, kí wọ́n tún PDF àti ojúewé orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, kí wọ́n sì tún metadata (àkọsílẹ̀ nípa pépà náà) fi ránṣẹ́ sí Crossref. Kò sí owó fún atẹ̀wé láti tún metadata fi ránṣẹ́, nítorí náà ẹ má gbà bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ kó owó wá fún un. Jọ́nà tó bá ń béèrè owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kó tó tún àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, èmi kò ní gbé pépà lọ síbẹ̀ mọ́.

Ìdádúró ló le jù. Wọ́n dákẹ́. Ní ti èmi, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fún wọn kí n tó rán wọn létí, lórí ìlà ímeèlì kan náà kí ìtàn rẹ̀ má bàa já. Tí oṣù kan bá kọjá, mo máa ń kúrò lọ́dọ̀ olóòtú lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ atẹ̀wé tó ni jọ́nà náà, nítorí olóòtú jọ́nà ìmọ̀ àwùjọ sábà máa ń jẹ́ olùkọ́ bíi tiwa tí kò ní àyè. Bí ìyẹn náà bá kùnà, ẹ wò ó bóyá jọ́nà náà wà nínú COPE, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìwà tó tọ́ nínú ìtẹ̀jáde ìwádìí. COPE kì í tún pépà ṣe fúnra wọn, wọn kì í sì í gba ẹjọ́ ẹni tí kò bá tíì tẹ̀lé ọ̀nà ìfẹ̀sùnkàn jọ́nà náà parí. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tọ́jú gbogbo ímeèlì. Láàárín àkókò yìí, ẹ̀gbọ́n wa tẹ ímeèlì tí olóòtú fi sọ pé àwọn ti rí ìbéèrè náà, wọ́n fi lẹ́tà HOD mọ́ ọn, wọ́n sì so méjèèjì mọ́ pépà tí wọ́n kó síwájú ìgbìmọ̀. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n yọ pépà náà kúrò nínú fáìlì lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe é, ẹ má tíì jó. Ẹ ṣí api.crossref.org/works/ nínú fóònù yín, ẹ kọ DOI pépà náà tẹ̀lé e láìfi àlàfo sí i. Ohun tí yóò jáde dà bí wàhálà lójú, ọ̀rọ̀ àti àmì tó lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ wá ibi tí orúkọ yín wà, ẹ wo "affiliation" tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí "affiliation":[] báyìí, òfìfo ni. Jọ́nà náà kò fi ilé-ẹ̀kọ́ kankan ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí orúkọ tó ṣì níbẹ̀, PDF nìkan ni wọ́n tún ṣe. Tiwa ṣì wà bó ṣe wà. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́. Ìdí tó sábà máa ń fa irú èyí ni timestamp, ìyẹn àmì àkókò, tó wà nínú fáìlì XML tí wọ́n fi kó àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́: Crossref kì í gba àtúnṣe tí timestamp rẹ̀ kò bá ju ti ìṣáájú lọ, wọ́n á dá a padà, ẹni tó fi ránṣẹ́ kò sì ní mọ̀ bí kò bá ka ìròyìn tó tẹ̀lé e. A sọ èyí fún wọn pẹ̀lú sùúrù, wọ́n yí i padà, ó sì wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó kan Scopus àti Web of Science, àkójọ mìíràn bíi Scopus. Ní Scopus, ẹ má lo irinṣẹ́ tí òǹkọ̀wé fi ń tún ojúewé ara rẹ̀ ṣe. Ìyẹn wà fún kíkó pépà tó fọ́nká jọ àti irú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ilé ìrànlọ́wọ́ wọn lẹ máa lò fún àṣìṣe inú pépà kan, kí ẹ fi DOI ìkéde àtúnṣe sí i. Ní Web of Science, ọ̀nà láti dábàá àtúnṣe wà lórí ojúewé pépà náà. OpenAlex, àkójọ pépà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, kọ̀ǹpútà ló ń ka àdírẹ́sì níbẹ̀ tó sì ń so ó mọ́ ROR, nítorí náà ó lè ṣì í kódà nígbà tí pépà bá tọ̀nà. Wọ́n gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní RePEc, àkójọ iṣẹ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò nílò olóòtú rárá. SSRN, ibi tí àwọn olùwádìí ti ń gbé pépà sílẹ̀ fúnra wọn, náà ń gbà yín láàyè láti tún ohun tí ẹ gbé síbẹ̀ ṣe.

Àwọn jọ́nà ilé wa yàtọ̀ díẹ̀. Olóòtú tí ẹ mọ̀, tí ẹ jọ ń pàdé ní ìpàdé ẹgbẹ́, lè sọ pé "ẹ fọkàn balẹ̀", kó sì pààrọ̀ PDF lálẹ́ ọjọ́ náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀dà àtijọ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó wà nínú ilé ìkàwé, ó lè wà lórí AJOL, ìkànnì tó kó àwọn jọ́nà Áfíríkà jọ, ẹ̀dà méjì tó tako ara wọn tí kò sí àlàyé láàárín wọn ni yóò sì kó yín sí ìjàngbọ̀n níwájú ìgbìmọ̀. Bí jọ́nà náà bá ń lo OJS, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ jọ́nà fi ń ṣiṣẹ́, láti ẹ̀dà 3.2 sókè, ẹ sọ fún olóòtú pé kó wọ abala Publication, kó tẹ Create New Version, kó tún àdírẹ́sì ṣe ní Contributors, kó fi PDF tuntun sí Galleys, kó tó tẹ Publish. Ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ yóò ṣì wà pẹ̀lú déètì tirẹ̀, tuntun yóò sì wà pẹ̀lú tirẹ̀. Bí wọ́n bá ní DOI, kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ sí Crossref lẹ́yìn náà, OJS kì í sábà ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀. Bó bá wà lórí AJOL, olóòtú ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Púpọ̀ nínú wàhálà yìí ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń fi pépà ránṣẹ́, kì í ṣe nínú fáìlì, bí kò ṣe nínú fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ló máa ń kún un fún gbogbo òǹkọ̀wé, ó ti rẹ̀ ẹ́, iná fẹ́ lọ, ó sì da orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kọ fún àwọn yòókù. Fáìlì pé, fọ́ọ̀mù ṣì, fọ́ọ̀mù ni kọ̀ǹpútà sì sábà máa ń gbé lọ sí Crossref. Ẹ ní kó ya àwòrán ojúewé náà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kó tó tẹ Submit. Nígbà tí proof bá dé, tí wọ́n fún yín ní wákàtí 48, orí àdírẹ́sì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: nọ́ńbà orí orúkọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ní kíkún, ìlú, orílẹ̀-èdè. Lọ́jọ́ tí pépà bá jáde, ẹ tún un wò, torí lẹ́yìn proof ni tiwa bàjẹ́.

Ohun kan tó máa ń ṣẹ́kù ni àwọn ẹ̀dà tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé kiri: ResearchGate, Academia, àkójọ ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ yín. Jọ́nà kò ní tún ìyẹn ṣe fún yín. Ẹ yọ PDF àtijọ́ kúrò, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ sì fi ojúewé ìkéde àtúnṣe mọ́ ọn nínú fáìlì kan náà, kí ẹni tó bá gbà á sílẹ̀ lè rí méjèèjì pa pọ̀.